Ta Ló Kú Tí Ẹ Fi Sọ Ọ́ Ní Renée?

Ìyá mi wà láàyè. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ọkàn ẹni tó ń ka ìwé yìí lè balẹ̀. Ó wà lókè Ọ̀kà níbi tí mo fi í sí, ó ń jẹ iyán rẹ̀, ó sì ń bá aládùúgbò rẹ̀ jà lórí adìẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà fún mi pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Orúkọ ọmọ ló fẹ́ pa á. Àbí ká kúkú sọ pé òun fúnra rẹ̀ gbà pé orúkọ ọmọ ló fẹ́ pa òun. Èmi ni mo sì sọ ọmọ náà lórúkọ.

Ìlú ńlá kan ní Faransé ni mò ń gbé, odò méjì ló gba àárín rẹ̀ kọjá. Bí mo ṣe débẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òní. Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí níbẹ̀ kì í ṣe òtútù. Ọmọ Ọ̀kà ni mí. Orí òkè tí kùrukùru ti máa ń wọlé láàárọ̀ bí àlejò tí kò mọ ilẹ̀kùn kàn ni wọ́n bí mi sí. Òtútù Faransé ju tiwa lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n mo lè sọ pé ẹbí ni wọ́n. Ìdákẹ́jẹ́ ló dẹ́rù bà mí. Ilé alájà là ń gbé, èèyàn kún inú rẹ̀ dẹ́nu, síbẹ̀ bí o bá dúró lórí àtẹ̀gùn láti àárọ̀ dalẹ́, o ò ní gbọ́ kí ẹnìkan pe ẹnìkejì. Nílé wa, kí oòrùn tó yọ, orúkọ mi á ti rin gbogbo àdúgbò já. Ẹni tó ń lọ sóko á pè mí, ẹni tó ń bọ̀ láti ibi omi á pè mí, ìyá mi á pè mí láti fi mí bú àbúrò mi. Ní Faransé, mo lè lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí n má gbọ́ orúkọ mi lẹ́nu ẹnikẹ́ni àfi ọkọ mi. Òun náà, oorun ti máa ń gbé e lọ kó tó pè é tán.

Ilé ìfọṣọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ibùsùn àwọn òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀rọ ìlọṣọ kan wà níbẹ̀ tó gùn bí ọkọ̀ ojú omi. Àwa obìnrin á dúró lápá ọ̀hún, a ó máa fi aṣọ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, àwọn yòókù á dúró lápá ìhín, wọn á máa gbà á. Ọ̀gá wa gbìyànjú orúkọ mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó kọsẹ̀ lára rẹ̀. Ó tún un gbìyànjú. Nígbà tó yá, ó gé e sí méjì, ó mú ìdajì kan, ó ní ìyẹn tó. Ìdajì tó mú yẹn kò ní ìtumọ̀ kankan. Mo ń jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń darí bọ̀ wálé, mo máa ń sọ odindi rẹ̀ fún ara mi lórí àtẹ̀gùn, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí ìdajì kejì má baà sọnù.

Orí àtẹ̀gùn yẹn náà ni mo ti pàdé rẹ̀. Arúgbó obìnrin kan ni, irun rẹ̀ funfun bí òwú, ó gbé búrẹ́dì gígùn sábẹ́ apá, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo sọ ẹrù mi kalẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà."

Arúgbó náà figbe ta. Ó ju búrẹ́dì sílẹ̀, ó dì mí lápá méjèèjì, ó ń fà mí sókè, ó ń pariwo sí gbogbo ilé pé ẹnìkan ti ṣubú o. Àwọn ilẹ̀kùn tí mi ò rí i kí wọ́n ṣí rí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ọkùnrin kan gbé omi wá. Obìnrin kan gbé àga wá. Wọ́n fi mí jókòó, wọ́n ń tẹ orúnkún mi wò bóyá ó ṣẹ́. Faransé tí mo gbọ́ nígbà náà kò ju èyí tí mo lè fi ra búrẹ́dì lọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún wọn pé kíkí ni mo kí ìyá àgbà? Mo jókòó jẹ́ẹ́, mo mu omi wọn. Láti ọjọ́ yẹn ni gbogbo ilé ti mọ̀ mí.

Lọ́jọ́ kejì, arúgbó náà gbé ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ wá, ó wá béèrè orúnkún. Ìsàlẹ̀ wa gan-an ló ń gbé. Nígbà tí Faransé mi dára díẹ̀, mo ṣàlàyé ìkúnlẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi bọ́ awò ojú rẹ̀ láti nu omijé. Ó ní, "Pè mí ní Renée."

"Mi ò lè pè yín bẹ́ẹ̀, mà."

"Kí ló dé? Orúkọ mi ni."

"Ẹ ti dàgbà jù mí lọ. Ní tiwa, orúkọ ọmọ yín la ó fi máa pè yín. Ìyá Lágbájá."

Ó tún awò ojú rẹ̀ wọ̀. Ó ní òun ò bímọ.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju bó ṣe dun òun lọ. Mo bá ń pè é ní Màdáámù Renée, bí ẹni tó kọ́kọ́ bọ́ bàtà kó tó wọ yàrá. Nígbà tí mo rí iṣu rà lẹ́ẹ̀kíní, mi ò ní odó, mo fi ìdí ìgò gún un nínú ìkòkò. Màdáámù Renée gòkè wá láti béèrè bóyá àwòrán là ń kàn mọ́ ògiri. Mo bu iyán fún un. Ó fi ọ̀bẹ gé e wẹ́wẹ́, ó fi fọ́ọ̀kì mú un, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rún un lẹ́nu.

"Màdáámù, wọn kì í rún un. Ẹ gbé e mì."

"Báyìí? Láìrún un?"

"Ọbẹ̀ á mú un lọ."

Ó gbé e mì, ojú rẹ̀ là. Ó ní kí n tún bu díẹ̀ sí i.

Ó pẹ́ kí èmi àti ọkọ mi tó rọ́mọ bí. Nígbà tí oyún dé, ìyá mi kò jẹ́ kí fóònù sinmi. Ó ní kí n má jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kí n má jẹ oúnjẹ tí mi ò mọ bí wọ́n ṣe sè é, bẹ́ẹ̀ mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń se èyíkéyìí níbẹ̀. Ó ní òun ti ní orúkọ lẹ́nu, ṣùgbọ́n bó bá di ọjọ́ kẹjọ lòun máa sọ ọ́. Ọkọ̀ akẹ́rù ni ọkọ mi ń wà láti ìlú dé ìlú. Ọjọ́ tí mo fẹ́ bí, ó wà lọ́nà jíjìn. Màdáámù Renée ló mú mi lọ sílé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n bi í pé kí ló jẹ́ sí mi, ó ní ìyá mi lòun. Nọ́ọ̀sì wò mí, ó wo Màdáámù, ó tún wò mí. Ó ní kó wọlé. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo dì mú títí ọmọ fi dé, obìnrin, tòun ti irun kíkún lórí.

Ìjọba ibẹ̀ kì í dúró de ọjọ́ kẹjọ. Kí ọjọ́ karùn-ún tó kọjá, ọmọ gbọ́dọ̀ ti ní orúkọ lọ́dọ̀ wọn. Ọkọ mi ní, "Ẹ jẹ́ ká fún wọn ní ọ̀kan ná. Bí ti Màmá bá dé, a ó máa pè é nílé."

Mo ní, "Renée."

Kò bi mí pé kí ló dé. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé tí à ń wò lọ́jọ́ náà, Màdáámù Renée nìkan ló wà níbẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, ìyá mi pè. Èdè Ọ̀kà la jọ ń sọ, ṣùgbọ́n màá fi Yorùbá gbogbogbò sọ ọ́ níbí kó lè yé gbogbo wa. Mò ń gbọ́ ariwo àwọn ènìyàn lẹ́yìn rẹ̀, mò ń gbọ́ ohùn Ìyá Kúdí, aládùúgbò wa, tó ń ṣe àmín sí àdúrà tí wọn ò tíì gbà.

"Kí lẹ wá pè é fún àwọn òyìnbó?"

"Renée, Màmá."

"Rẹ̀né." Ó tọ́ ọ wò lẹ́nu bí ẹni tó ń tọ́ iyọ̀ ọbẹ̀ wò. "Kò burú. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò ní béèrè ìyẹn. Mo ti béèrè lọ́wọ́ Màdáámù ṣáájú, mo ti múra sílẹ̀. Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi dáhùn: "Ẹni tí a tún bí, Màmá. Ẹni tó tún padà wá sáyé."

Mo rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti lọ.

"Màmá? Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"Ta ló padà wá?"

"Mà?"

"Mo ní ta ló lọ tó fi padà wá? Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà ní Ọ̀bà. A sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí."

"Ìyẹn wà ní Ọ̀bà. Èmi wà ní Ọ̀kà. Nínú àwa méjèèjì, èwo lẹ ti sin?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Yétúndé, Yéwándé, Ìyábọ̀: orúkọ dídùn ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí pósí kò sí lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá kì í bọ̀ bí kò bá tíì lọ. Mo sì dúró sí Faransé, mo fi ẹnu ara mi sọ fún ìyá mi pé mo ti bí i.

"Màmá, orúkọ òyìnbó ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn."

"Ta ni ọmọ yẹn jẹ́ ọmọ ọmọ fún? Òyìnbó ni àbí èmi?" Ohùn rẹ̀ kò ròkè. Ká ní ó ròkè ni, ẹ̀rù ì bá má bà mí. "Orúkọ tí mo ní lẹ́nu, mo ti gbé e mì. Mi ò ní fi orúkọ lé orí orúkọ òkú ara mi."

Ó pa fóònù.

Ìyá ọkọ mi ní Ọ̀bà kò bá wa jà rárá. Ó ní òun gbìyànjú orúkọ náà títí ahọ́n òun fi lọ́, ọkàn òun sì balẹ̀. "Ohun tí ẹnu mi ò lè pè," ó ní, "kò lè pè mí." Ṣùgbọ́n ìyá tèmi kò gbé fóònù mi mọ́. Bí mo bá pè láàárọ̀, Ìyá Kúdí ló máa gbé e.

"Ìyá yín wà lóko."

Bí mo bá pè nírọ̀lẹ́: "Ìyá yín ń wẹ̀."

"Ìyá Kúdí, mò ń gbọ́ wọn. Wọ́n ń wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín."

"Adìẹ ni."

Ibi tí a dé nìyẹn ní ọjọ́ tí Délé, àbúrò mi tó ń ṣe tíṣà ní Ìkàrẹ́, pè mí lẹ́nu iṣẹ́.

"Àǹtí, ẹ kọ́kọ́ jókòó ná."

"Ẹ̀rọ ni mo dúró tì, kò síbi ìjókòó. Sọ ọ́."

"Màmá ṣubú lọ́jà Ìkàrẹ́ níbí. Ẹ má kígbe, Àǹtí. A ti gbé wọn dé ọsibítù. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni."

"Ṣé wọ́n ń sọ̀rọ̀?"

"Wọ́n ń sọ̀rọ̀. Ìyẹn gan-an ni wàhálà ibẹ̀. Kò sí nọ́ọ̀sì tí wọn ò tíì sọ fún pé ọmọ àwọn ní Faransé ti ṣe òkú àwọn."

Aṣọ ibùsùn tó wà lọ́wọ́ mi bọ́ sílẹ̀, ẹ̀rọ sì ń pariwo pé òun fẹ́ jẹun. Mo ní kó fún wọn ní fóònù. Mo gbọ́ èémí ìyá mi kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Ṣé ẹ ṣì ń pè é?"

"Kí ni, Màmá?"

"Orúkọ yẹn. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá pè é, ẹ ń sìn mí sọ́nà ni."

Ká ní ilé ni mo wà, ọ̀rọ̀ náà ì bá má tó báyìí. Ǹ bá wọ yàrá ọsibítù, ǹ bá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ǹ bá jẹ nínú oúnjẹ rẹ̀. Òun náà á wojú mi, á rí i pé n kò ṣọ̀fọ̀ ẹnikẹ́ni. Lórí fóònù, ọ̀rọ̀ kì í ní ojú. Ibi tó bá bọ́ sí ló máa sùn sí. Ohun tí àwa tó wà lókèèrè ń jìyà rẹ̀ jù nìyẹn, ó ju òtútù lọ, ó ju iṣẹ́ lọ: pé ohun tí ìfọwọ́kàn kan á parí nílé, odindi ọdún lè má parí rẹ̀ lẹ́nu fóònù.

Mo dẹ́kun àtipe ọmọ náà. Bó bá ń ké, mo máa ń ní, "Wá, ọmọ." Bí ọkọ mi bá gbàgbé tó fẹ́ pè é, màá ti fọwọ́ bò ó lẹ́nu kó tó parí rẹ̀. Èmi tí mo mọ bó ṣe ń rí kí èèyàn má gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́, mo wá ń tọ́ ọmọ tí kò sẹ́ni tó ń pè é.

Délé gbìyànjú ní tirẹ̀. Ó rán ìyá wa létí pé wọ́n ń wàásù àtúnbí ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé òun alára ti dìde jẹ́rìí níwájú ìjọ pé a ti tún òun bí, kò sì kú. Ìyá mi ní, "Àtúnbí ti ṣọ́ọ̀ṣì, orí ara ẹni lẹ́nìkan ti ń tún un bí. Ṣùgbọ́n bí ọmọ tuntun bá dé tí wọ́n ní ó padà wá, ẹnìkan ló lọ. Tíṣà ni ẹ́, lọ kọ́ àwọn ọmọ rẹ."

Màdáámù Renée ló kọ́kọ́ béèrè. Ó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀ nílé rẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi kan, ó ní, "Kí ló dé tí ọmọ yìí kò ní orúkọ mọ́?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo rò pé yóò bínú. Kò bínú. Ó rò ó, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún mi bí ẹni tó ń ṣí àpótí aṣọ. Ó ní orúkọ àtijọ́ ni, inú èdè Látìn ló ti wá: re túmọ̀ sí "tún", natus túmọ̀ sí ẹni tí a bí. Àwọn Kristẹni ayé ìjímìjí ló máa ń sọ ara wọn bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá ti ṣe ìrìbọmi. Ahọ́n Faransé ló wá fà á títí tó fi di René fún ọkùnrin, Renée fún obìnrin. Bákan náà ni wọ́n ń pè wọ́n lẹ́nu, inú ìwé nìkan ni obìnrin ti ní lẹ́tà kan lé. Ó ní wọ́n tún máa ń pa ìtàn ọmọ kan láyé àtijọ́ tó kú láìṣe ìrìbọmi, tí bíṣọ́ọ̀bù sunkún lórí ibojì rẹ̀ títí ọmọ náà fi jí dìde, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní Ẹni-a-tún-bí.

"Òkú tún ti wọ̀ ọ́, Màdáámù," mo ní.

"Tèmi náà ní òkú nínú. Àwọn òbí mi bí ọmọbìnrin kan ṣáájú mi, kò dúró. Èmi ni wọ́n bí tẹ̀ lé e."

Mo di orí mi mú. Bí ìyá mi bá gbọ́ èyí, ó parí nìyẹn. Àbíkú la fi ọ̀rọ̀ bò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tún yọ. Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti di orí mú yẹn ni ìbéèrè ti wá sí mi lẹ́nu, ìbéèrè tí ìyá mi ì bá bi í ká ní ó wà níbẹ̀.

"Nígbà tí wọ́n sọ yín ní Renée, ìyá àgbà yín ńkọ́? Ṣé wọ́n ti kú?"

"Ìyá àgbà mi?" Ó wò mí bí ẹni pé mo béèrè bóyá oòrùn ti kú. "Òun ló sọ mí lórúkọ!"

Ẹ ò rí i bí èèyàn ṣe ń ru igi tí kò mọ̀ pé ó wúwo, àfi ìgbà tí wọ́n bá sọ ọ́ kalẹ̀ fún un. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ó dìde, ó lọ mú fọ́tò kan wá láti orí àpótí aṣọ rẹ̀, ó ní, "Pe ìyá rẹ fún mi."

Wọ́n ti dá ìyá mi padà sílé ní Ọ̀kà nígbà náà. Délé ló di fóònù mú kó lè rí ojú wa. Ìyá mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Màdáámù Renée ti kun ètè, ó ti wọ ẹ̀gbà ọrùn, ó jókòó ṣanṣan bí ẹni tó fẹ́ lọ ṣe ẹlẹ́rìí ní kóòtù. Èmi ni ògbufọ̀ láàárín àwọn méjèèjì.

"Bi í pé ta ló sọ ọ́ lórúkọ," ni ìyá mi sọ sí ògiri.

"Ìyá àgbà wọn ni, Màmá."

"Kó tó kú ni àbí lẹ́yìn tó kú?"

"Màmá, báwo ni òkú ṣe fẹ́ sọmọ lórúkọ?"

"Mi ò bi ìwọ. Bi í."

Mo bi í. Màdáámù gbé fọ́tò náà síwájú fóònù. Ìyá àgbà kan ló wà nínú rẹ̀, ó wọ aṣọ dúdú, ó gbé adìẹ dání. Ọmọdébìnrin kan dì mọ́ aṣọ rẹ̀. Ìyá mi yí ojú padà wá díẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

"Ìyá àgbà náà nìyẹn. Màdáámù ni ọmọ tó dì wọ́n mú yẹn."

"Gbé e súnmọ́ mi." Ó wò ó títí. "Ọmọ yẹn ti gbó. Á ti máa lọ sílé ìwé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ìyá àgbà sì tún ń gbé adìẹ. Adìẹ náà sì sanra." Ó nu ojú. "Bi í bóyá ìyá àgbà náà fojú rí ìgbéyàwó rẹ̀."

Mo bi í. Ẹ̀rín pa Màdáámù. Ó ní ìyá àgbà òun wá síbi ìyàwó náà, ó jókòó sí àga iwájú, ó jẹun tán, ó sì ń sọ fún gbogbo àlejò pé ẹran tí wọ́n sè le.

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ìyá mi kọjú sí wa pátápátá.

"Ó ní ẹran le?"

"Ohun tí wọ́n sọ nìyẹn, Màmá."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti inú ìyá mi lọ́hùn-ún, ó gun òkè wá díẹ̀díẹ̀ bí ọkọ̀ tó ń gun òkè Ọ̀kà. "Arúgbó tó ń bú ẹran níbi ìyàwó! Kò sí orúkọ tó lè pa irú ìyẹn." Màdáámù kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ń rẹ́rìn-ín.

"Pe ọmọ náà kí n gbọ́," ni ìyá mi wí.

Mo kọjú sí ọmọ náà. "Renée."

"Tún un pè."

"Renée!"

Ọmọ náà gbójú sókè, ó wò mí bí ẹni tó bá ohun tó sọnù pàdé. Ìyá mi di àyà rẹ̀ mú, ó ń gbọ́ ara rẹ̀, bí ẹni tó mu oògùn tó ń retí kó ṣiṣẹ́. Gbogbo wa ń wò ó.

"Ó dáa," ó ní. "Kò sí ohun tó ṣe mí."

Mo sunkún lọ́jọ́ náà, Màdáámù sì fi aṣọ ìnujú rẹ̀ nù mí lójú. Mo gbà pé a ti parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ní kí ìyá mi wá sọ orúkọ tirẹ̀, ó kọ̀. "Mi ò ní fi fóònù sọ ọmọ lórúkọ. Mo ti gbé ìyẹn mì, kò ní pọ̀ jáde. Ọjọ́ tí mo bá fojú kàn án, ohun tó bá wá sí mi lẹ́nu ni màá sọ ọ́. Ẹ gbé e wá."

Ó pẹ́ kí àyè tó yọ. Láàárín ìgbà náà, ọmọ kọ́ ìrìn lórí àtẹ̀gùn yẹn, ó ń pe gbogbo ènìyàn inú ilé, wọ́n sì ń pè é padà láti ẹnu ilẹ̀kùn: "Renée! Renée!" Ilé ti ń pariwo díẹ̀. Ó kọ́ ìkúnlẹ̀ lára mi. Bí àwa méjèèjì bá kúnlẹ̀ kí Màdáámù, kò figbe ta mọ́. Yóò fọwọ́ kàn wá léjìká, yóò ní, "Dìde, ọmọ mi." Àwọn ọmọdé ilé náà sì ti ń pè é ní Ìyá àgbà Renée, ẹni tó ti ní òun ò bímọ. Lọ́dọ̀ wa níbi iṣẹ́, mo lọ bá ọ̀gá lọ́jọ́ kan, mo ní odindi ni orúkọ mi, pé mo ti kọ́ láti pe tiwọn, kí wọ́n gbìyànjú. Ó gbìyànjú. Ó ń pè é bí ẹni tó gbé ẹyin sẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ń pè é tán.

Nígbà tí a ó fi gun òkè Ọ̀kà, àárọ̀ ni, kùrukùru ṣì bo àpáta. Ọmọ náà ń bi mí ní Faransé pé ta ló ń dáná tó pọ̀ tó báyìí. Ìyá mi ti dúró síwájú ilé, ó fọwọ́ ti ògiri. Ó ti gbó ju ti inú fóònù lọ. Ìyá Kúdí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Délé lẹ́yìn wọn. Mo ti múra ọ̀rọ̀ púpọ̀ sílẹ̀ láti ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ ló lọ. Mo sọ ẹrù kalẹ̀, mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ pupa, ọmọ mi náà kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò sẹ́ni tó rò pé a ṣubú.

Ìyá mi wo ọmọ náà. Ó wò mí, ó pẹ́ lára mi. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà mú, ó sì pè é, sókè, kí àdúgbò lè gbọ́:

"Ìyábọ̀!"

Ìyá Kúdí fọwọ́ lé orí. "A'ùsúbíláhì! Ẹ̀yin ìyá yìí, irú orúkọ wo nìyẹn? Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú." Ìyá mi di apá mi mú, ó ń fà mí dìde. "Ṣé ẹ ò rí i ni? Ìyá rẹ̀ ló bọ̀. Ẹ wọlé, iyán ń tutù."